Níbo ni kí n fẹ̀yìn tì sí?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú lọ́tẹ̀ yìí nínú àwọn tó dé ọwọ́ wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń yí ká: ibi tí ó yẹ kí ènìyàn máa gbé nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Èyí àkọ́kọ́ ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Opó ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni mí ní Èkó. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni n ó pé ọmọ ọdún 60, tí wọn ó sì ní kí n máa lọ sílé. Ilé tí mò ń gbé ní Agége, ilé tí mo háyà ni. Ọkọ mi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí abúlé wọn nítòsí Ìjerò-Èkìtì kí ó tó di olóògbé, kò sì sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Èmi fúnra mi ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì sí Mówé ní 2009, mo sì ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Kánádà. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní ilé ọkọ mi ni ilé mi, pé kí n máa bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n fi owó ìfẹ̀yìntì mi parí ilé Mówé. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì máa ń dùn mí. Èwo ni kí n ṣe? (Ìyá kan, Agége)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kí iṣẹ́ tó parí, ìyá wa. Ìgbà tí owó bá ti wọ inú búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń béèrè.

“Ilé làbọ̀ ìsinmi oko” ni gbogbo àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn gbé sẹ́nu. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ èwo ni ilé fún obìnrin tí wọ́n bí sí ìlú kan, tó lọ́kọ sí ìlú kejì, tó sì ti fi ọdún tó pọ̀ jù láyé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìlú kẹta. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi òwe sílẹ̀ ná, kí a wo ara tí ẹ máa gbé lọ síbẹ̀. Kì í ṣe ara ẹni ọdún 60 ni kí ẹ wò, ti ẹni ọdún 75 ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkìtì. Ilé wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní wá gba owó ilé lọ́wọ́ yín. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò sí ilé ìwòsàn: ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Ìjerò, ti ìpínlẹ̀ sì wà ní Adó. Ohun tí èmi ń béèrè ni pé, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá lọ sókè ní aago méjì òru, ta ni yóò gbé yín dé Ìdó? Ọlọ́kadà tó ti sùn ni àbí àbúrò ọkọ yín tí òun náà ti lé ní 70? Ìgbà ọdún Kérésì àti Àjíǹde ni ọ̀pọ̀ wa mọ abúlé wa mọ́, nígbà tí ọkọ̀ kún ojúlé gbogbo, tí adìyẹ ń kú, tí àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Abúlé ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù keje, ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ gba ìsinmi yín ti ọdún yìí ní oṣù keje náà, kí ẹ lọ gbé inú ilé yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má mú ọmọ ọ̀dọ̀ lọ. Ẹ ka iye ọjọ́ tí iná dé. Ẹ fúnra yín fa omi láti inú kànga, kí ẹ gbọ́ ohun tí orúnkún máa sọ. Ẹ sì ka iye ènìyàn tó kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ láti bi yín pé ṣé ẹ jí dáadáa, láìjẹ́ pé ó wá tọrọ owó oògùn. Bí wọ́n bá lé ní márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ tún kọ̀wé sí mi, mo ṣe tán láti yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọ̀rọ̀ ilé náà fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ọkọ yín kò bá kọ ìwé ìhágún, àwọn ọmọ ni àṣà Yorùbá ka ilé náà sí ogún wọn, kì í ṣe opó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ní kóòtù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó gba àṣẹ ìjọba, opó náà ní ìpín tirẹ̀. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín méjèèjì ni ẹ jọ máa lọ sí ilé ẹjọ́ gíga láti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún, bí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí àárín ẹ̀yin àti àwọn ẹbí ọkọ yín ṣì dán mọ́rán. Ẹ má sì ta ilé náà. Ẹ wá tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì kan tí iṣẹ́ gbé dé àgbègbè yẹn, kí ó máa gbé inú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, nítorí pé ilé tí kò bá sí ènìyàn nínú rẹ̀, ikán ni yóò gbà á.

N kò ní pẹ́ lórí Mówé. Ibùgbé ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó láràárọ̀ ni, kò sì sí ohun tí ẹ tún ń sáré lọ ṣe ní Èkó mọ́. Owó ìpìlẹ̀ tí ẹ san fún ọmọ onílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Owó òrùlé ṣì ń dúró dè yín. Ohun tó tún burú jù ni pé wọ́n ní kí ẹ kó owó ìfẹ̀yìntì sínú rẹ̀. Ìlànà òfin àpapọ̀ ti 2014 ni pé kì í ṣe gbogbo owó tó wà nínú àpamọ́ ni òṣìṣẹ́ lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ tó láti máa san owó lóṣooṣù tí kò ní dín sí ìdajì owó oṣù tó ń gbà kẹ́yìn. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣèlérí fún bíríkìlà kankan, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó yín kọ ọ́ sínú ìwé fún yín, iye tí ẹ máa gbà lẹ́ẹ̀kan àti iye tí yóò máa wọlé lóṣooṣù. Ó ṣeé ṣe kí iye náà má ra ju òrùlé lọ, ilé aláìnílẹ̀kùn sì ni ẹ máa fi rọ́pò oúnjẹ ọdún mẹ́wàá.

Ìbàdàn ni èmi fara mọ́. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ibẹ̀ sì ni ọmọ wà. Ilé ìwòsàn UCH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952 wà níbẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà nìkan, èyí tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih pè, tí wọ́n ṣí ní 2012. Kò rọrùn láti rí irú rẹ̀ níbòmíràn lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún dídùn, oníṣègùn tó mọ̀ pé oògùn ti èkíní lè ba ti èkejì jẹ́ ni ó nílò.

Ẹ má ṣe kó lọ sínú ilé ọmọ yín o. Ẹ háyà yàrá méjì sí àdúgbò kan náà, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn wá jẹun lọ́dọ̀ yín, kí ọkọ ọmọ yín má sì máa dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ọdún kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Ìsàlẹ̀ ilé ni kí ẹ gbà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi atẹ́gùn òkè tàn yín. Èmi tí mò ń kọ èyí kọ́ ilé alájà nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 51, mo sì fi yàrá tèmi sókè kí n lè máa wo òpópónà. Nígbà tí mo fi di ẹni ọdún 68, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún náà ti di òkè ńlá. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni mò ń sùn báyìí. Àga pálọ̀ wà ní gáréèjì, ọkọ̀ sì wà nínú òjò.

Ohun kan ni Ìbàdàn kò lè fún yín, òun náà ni àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fojú kékeré wò ó. Ẹni tó bá ti 60 kọjá kì í tètè rí ọ̀rẹ́ tuntun, ìdánìkanwà sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ju iyọ̀ lọ lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ọ̀nà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 157, ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹfà 2021, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Agége yín níbẹ̀. Ẹ lè wọ̀ ọ́ ní Mọ́níyà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ bá wọn ṣe ìpàdé, kí ẹ sun ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kí ẹ sì padà. Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó kó lọ pé ẹ kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n má fi àyè yín fún ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, mo ti lo ọdún 31 ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti di ẹni ọdún 63. Mo fẹ́ padà sílé pátápátá nígbà tí mo bá fẹ̀yìn tì. Ṣé ìjọba ìlú Ọba yóò máa san owó ìfẹ̀yìntì mi sí Nàìjíríà? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham)

ÌDÁHÙN: Wọn yóò san án, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n yóò dúró lójú kan. Àwọn tó ń gbé ní Bìrìtéènì ni wọ́n máa ń fi kún tiwọn lọ́dọọdún. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àfikún náà dé. Iye pọ́n-ùn tí wọ́n bá kọ́kọ́ san fún yín nígbà tí ẹ wà nílé, iye yẹn náà ni yóò wà nígbà tí ẹ bá di ẹni ọdún 85. Ọdún 67 ni tiyín yóò bẹ̀rẹ̀, ọdún 35 tí ẹ fi san owó ìdójútòfò orílẹ̀-èdè ni ó sì ń mú un pé. Nítorí náà, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ọdún kan kò sí nínú ìwé yín kí ẹ tó di ẹrù. Owó Pension Credit, ìyẹn àfikún tí ìjọba ibẹ̀ ń fún àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, kò ní tẹ̀ lé yín wá. Ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ náà kò tẹ̀ lé orúkọ tàbí ìwé ìrìnnà. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì ti kó lọ lè rí ìwé owó gọbọi gbà bí ó bá padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mo fura pé Ìjẹ̀bú ti ọjọ́ Ojúde Ọba ni ẹ ń rí lójú inú, pẹ̀lú ẹṣin àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ẹ máa wá sílé nígbà òtútù ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ máa padà nígbà tí oòrùn bá dé. Àmọ́, bí ilé kánsù ni ẹ ń gbé, ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa, torí wọ́n retí pé kí ó jẹ́ ibùgbé yín gan-an, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ yá ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fi ilẹ̀ kan lọ̀ mí ní Ìbàdàn fún ilé ìfẹ̀yìntì. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti àwọn tó yí i ká, odò kékeré kan sì ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ajẹ́ńtì ní omi kò wọ ibẹ̀ rí. Ṣé kí n rà á? (Òṣìṣẹ́ báńkì kan, Ìkẹjà)

ÌDÁHÙN: Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín nígbà tí ẹ sọ iye owó rẹ̀. Odò kékeré ni wọ́n ń pe Ògùnpa ní Ìbàdàn náà títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tó kó ènìyàn àti ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà, ó wó afárá, ó sì gbẹ̀mí. Ẹ má bi ajẹ́ńtì mọ́. Ẹ bi ìyá tó ń ta ata ní ìkóríta, kí ẹ sì wo fẹ́ńsì àwọn aládùúgbò bóyá ìlà ẹrẹ̀ kan fa tààrà lára rẹ̀ ní ọ̀gangan orúnkún. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá wo ilẹ̀ náà nínú ọyẹ́, ẹ ní ó di oṣù kẹsàn-án, ní ọjọ́ kejì òjò.