Mú nọ́mbà lọ bá Màmá, má bi wọ́n pé owó dà

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà, ilé búrẹ́dì wọn ní Gàá Àkànbí, Ìlọrin, ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Àwa 19 là ń gbowó oṣù níbẹ̀. Ó di oṣù 26 báyìí tí wọ́n ti ń yọ ₦6,400 nínú ₦80,000 tèmi, wọ́n ní owó pẹ́ńṣọ̀n ni. Mi ò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan rí, mi ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan lórí fóònù. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní èmi ni kí n béèrè, torí mọ̀lẹ́bí ni mí. Ṣé mo lè bi ìyá tó rán mi lọ sí Poly léèrè owó? Àbí kí n ṣe sùúrù?" — Ọmọ Alhája

Ọmọ mi, sùúrù oṣù 26 ti tó. Ṣùgbọ́n má tíì pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní olè. Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rí ní àdúgbò Táíwò, mo mọ bó ṣe ń rí tí owó olówó bá wà nínú àpótí lọ́jọ́ tí ẹni tá a jẹ ní gbèsè òwú bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Mà á dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ yẹn kì í tètè dé. Ní ti Alhája, ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni.

Ohun tó dá mi dúró nínú lẹ́tà rẹ ni pé o ò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Nínú ètò tí òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 là sílẹ̀, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan ilé iṣẹ́ tí yóò bójú tó owó rẹ̀, òun ló ń ṣí àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní nọ́mbà tí wọ́n ń pè ní PIN. Orí nọ́mbà yẹn ni ọ̀gá ń san owó sí. Bí òṣìṣẹ́ bá jáfara tó oṣù mẹ́fà, ọ̀gá lè ní kí wọ́n bá a ṣí ọ̀kan, àmọ́ ìwọ ò gbọ́ nǹkan kan. Bí kò bá sí nọ́mbà, kò síbi tí owó rẹ fẹ́ gbà wọlé.

Nítorí náà, má lọ bi wọ́n pé "Owó mi dà?" Lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ètò pẹ́ńṣọ̀n, fún níwèé àṣẹ, mú NIN rẹ dání, kó o ṣí àkáǹtì. Tó o bá ti gba PIN, dọ̀bálẹ̀ fún wọn nílé, kì í ṣe ní ilé búrẹ́dì, kó o sọ pé: "Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ro ti ọjọ́ ogbó wa. Nọ́mbà tèmi rèé. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́, báwo la ṣe máa san án wọlé?" Ìbéèrè lo bi wọ́n yẹn, ṣùgbọ́n o fún wọn láyè láti dáhùn láìtijú.

Mọ iye tó ò ń sọ kó o tó lọ o. ₦6,400 yẹn pé, ìdá 8 nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n Alhája náà gbọ́dọ̀ fi ìdá 10, ìyẹn ₦8,000, kún un láti àpò tiwọn. ₦14,400 ló yẹ kó máa wọlé, kí ọjọ́ iṣẹ́ méje tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù. Fún oṣù 26, ₦374,400 nìyẹn, kì í ṣe ₦166,400 tó o ti máa ṣírò lọ́kàn. Owó tó bá pẹ́ nílẹ̀ tún ní ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù, inú àkáǹtì òṣìṣẹ́ ló sì yẹ kó wọ̀.

Wọ́n lè ní iṣẹ́ kékeré ni tàwọn. Ẹni 15 sókè ni òfin mú ní dandan, ẹ̀yin sì jẹ́ 19. Kó o kà á dáadáa ṣá: àwọn obìnrin tó ń ra búrẹ́dì lọ tà ní ọjà Ìpàta kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò pé 15, owó tí wọ́n ti yọ kò di tiwọn. Wọ́n sì lè ní àwọn ń bá yín tọ́jú ẹ̀ bíi ti alájọ. Rárá o. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣọ̀n gan-an kì í mú un lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú ẹ̀.

Àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn wà tó o ò béèrè. Ọ̀gá ló ń san owó ìbánigbófò ẹ̀mí òṣìṣẹ́, iye tí wọ́n máa san fún ẹbí òṣìṣẹ́ tó bá kú kò sì gbọ́dọ̀ dín ní owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Tìrẹ á tó ₦2,880,000 fún àwọn tó o bá fi sílẹ̀. Ní ti ẹni tí iná ààrò bá jó, òfin ọdún 2010 ní kí ọ̀gá máa san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, láìyọ kọ́bọ̀ lára òṣìṣẹ́. Fi ìyẹn sílẹ̀ di ìjókòó kejì. Bó o bá kó gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, Alhája á rò pé lọ́yà ló rán ọ.

Òótọ́ ni pé wọ́n rán ọ lọ síléèwé. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kò jẹ nínú oore yẹn, owó tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè lé e. Ìwọ, ibo ni wọ́n fẹ́ lé ọ lọ?

Wọn ò ní lè san tẹ̀yin 19 lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n máa san oṣù tuntun ní pípé, kí wọ́n sì máa fi oṣù àtijọ́ kan tì í. Yóò parí ní oṣù 26. Tọ́jú gbogbo aláàtì báńkì tó fi hàn pé ₦73,600 ló ń wọlé. Bí wọ́n bá yarí, lọ bá àgbà tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nínú ẹbí. Bí oṣù méjì bá tún kọjá lásán, ẹ jọ kọ̀wé sí PenCom. Mi ò ní ní kó o dákẹ́ nítorí ẹbí.

Má lọ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ìyẹ̀fun bá dé. Lọ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ Sunday, bí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ fún ọ, jẹ ẹ́ tán kó o tó yọ ìwé nọ́mbà náà.