Dídi Ọta Ìbọn Nínú Ilé àti Ọ̀yà Tó Ń Jẹ Oko: Èsì fún Àbúrò Tó Béèrè

Àbúrò kan tó ń dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lápá Ìkòyí-Ilé sọ pé ọ̀yà fẹ́ jẹ òun run, pé òun rí i lórí fóònù bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń di ọta ìbọn fúnra wọn láti fi pa ẹranko kéékèèké tó ń ba pápá jẹ́, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè fi kòròfo kátíríìjì tí òun ti yìn ṣe bẹ́ẹ̀, kí owó ọta lè dín kù. Àwọn kan ti dá a lóhùn pé kó dán an wò. Èmi kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, níbi tí mo ti ń bá àwọn olóko màlúù ṣiṣẹ́, kí n tó padà wá sílé sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí èmi àti ọ̀yà ti jọ ń du ẹ̀gẹ́ báyìí. Nítorí náà, mo mọ ohun tí iṣẹ́ náà wúlò fún, mo sì mọ ohun tí kò wúlò fún.

Ẹranko tí wọ́n ń pa nínú fídíò tí o wò ni prairie dog. Inú ihò ló ń gbé, ó fara jọ ọ̀kẹ́rẹ́ tó sanra, kì í sábà tẹ̀wọ̀n ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, agbo rẹ̀ a sì máa gbẹ́ ihò kún pápá, wọn a jẹ koríko tó yẹ kí màlúù jẹ. Ẹnu ihò ló máa ń dúró sí, bó bá sì ti fura sí ènìyàn, ó ti wọlé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń yìnbọn sí i láti 200 tàbí 300 mítà, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò ní igi, níbi tí ojú ti lè rí ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn ẹranko náà. Ara ẹran tí ọta gbọ́dọ̀ bà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ráífù tí wọ́n ń lò fún un ní ihò tó kéré, ọta rẹ̀ fẹ̀ ní nǹkan bí 5.7 mìlímítà péré, kò sì wúwo ju gíráàmù 2.6 sí 3.6 lọ, ṣùgbọ́n ó ń sáré tó nǹkan bí 1,000 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Awọ bàbà tó bo orí ọta náà fẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé bó bá kan ilẹ̀, fífọ́ ló sábà máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ dípò kó ta padà lọ síbòmíràn.

Àwọn tó ń di ọta fúnra wọn ló tilẹ̀ dá ọ̀kan nínú àwọn ọta náà sílẹ̀. Wọ́n mú kòròfo ọta kan tí wọ́n ń pè ní .250 Savage, tó ti wà láti 1915, wọ́n fún ọrùn rẹ̀ kó lè gba ọta tó tín-ínrín, wọ́n sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé-iṣẹ́ Remington tó gbà á wọlé ní 1965, tí wọ́n sọ ọ́ ní .22-250. Òun àti ọta mìíràn tí wọ́n ń pè ní .223 ni èmi lò jù. Mo fẹ́ràn .223, nítorí pé kì í jẹ ẹ̀tù púpọ̀, ọ̀pá ìbọn kì í sì í tètè gbó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí ènìyàn fi ń di ọta fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pá ráífù máa ń gbọ̀n nígbà tí ọta bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìgbọ̀n ọ̀pá kan kò sì bá ti òmíràn dọ́gba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ọta tí a dì sí ìwọ̀n ìbọn kan dà bí aṣọ tí télọ̀ wọn sí ènìyàn lára. Nígbà tí mo bá ti rí irú ẹ̀tù, ìwọ̀n rẹ̀ àti orí ọta tí ìbọn mi fẹ́ràn, ọta márùn-ún tí mo bá yìn láti 100 mítà á wọ ibi tí owó ẹyọ kan lè bò. Láti 300 mítà, ìyàtọ̀ ìka kan ni ìyàtọ̀ láàárín ẹran tó kú lójú ẹsẹ̀ àti ẹran tó wọ́ ìfun wọ inú ihò lọ, èyí tí n kò fẹ́ràn láti máa rí.

Ohun tí fídíò kì í fi hàn ni ìnira inú rẹ̀. A ó yọ práímà àtijọ́, ìyẹn ìdérí kékeré ìdí kòròfo tí irin ìbọn ń gbá kí iná tó ràn. A ó ki kòròfo idẹ náà bọ inú irin tó ń fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ooru àti ipá ti mú un fẹ̀. A ó wọn gígùn rẹ̀, nítorí pé idẹ a máa nà bí a ti ń lò ó léraléra, ti .223 kò gbọdọ̀ ju 44.7 mìlímítà lọ, torí bí ọrùn rẹ̀ bá gùn jù bẹ́ẹ̀, iwájú ihò ìbọn yóò há a mọ́, ọrùn náà kò ní lè fẹ̀ kó sì jọ̀wọ́ orí ọta bó ti yẹ, ipá inú ìbọn yóò sì ru kọjá ààlà. Ìgbà yẹn ni a ó tó fi práímà tuntun sí i, kí a wọn ẹ̀tù, kí a sì fi orí ọta dé e. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò mọ ìyàtọ̀ 0.1 grain, 7,000 grain ló sì wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà o lè fojú inú wo bó ti kéré tó.

N kò ní kọ iye ẹ̀tù kankan síbí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀tù àti orí ọta ní ìwé tí wọ́n tẹ iye náà sí, ẹni tó gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ìdá mẹ́wàá sísàlẹ̀ iye tó ga jù, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì máa wo àmì lára kòròfo: bóyá práímà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bóyá ìbọn ti ń le láti ṣí. Ohun kan ṣoṣo ni kó yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá pààrọ̀ kòròfo ilé-iṣẹ́ kan sí ti òmíràn, kó padà sísàlẹ̀, nítorí pé idẹ tó nípọn jù ń dín àyè inú kù, ẹ̀tù kan náà yóò sì máa ti ìbọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ni mo ń gbà láàyè lórí tábìlì mi, nítorí pé ẹ̀tù oríṣiríṣi jọra lójú, wọn kò sì jọra nínú iná. Kí n tó fi orí ọta dé kòròfo kankan, mo máa ń tan iná tọ́ọ̀ṣì wo inú gbogbo wọn, nítorí pé èyí tó gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì lè fọ́ ìbọn sí mi lójú, èyí tí kò sì gba ẹ̀tù rárá lè mú kí orí ọta há sáàárín ọ̀pá, tí èyí tó tẹ̀ lé e yóò wá bá a níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń wọn ẹ̀tù lọ́wọ́, màá dà á padà, màá sì tún un wọ̀n. Wọ́n ń bú mi pé mo le.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ẹ̀tù mìíràn a máa jó kíkankíkan sí i bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, débi pé ọta tí a dán wò ní òwúrọ̀ tútù tó sì dára lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì àpọ̀jù ipá hàn lọ́sàn-án gangan. Ronú nípa ohun tí oṣù Ẹrẹ́nà yóò ṣe fún ọta tó wà nínú ọkọ̀ tí a ti pa sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Tàkíé láti àárọ̀.

Ní ti owó tí o fẹ́ fi pamọ́, n kò tíì rí ẹni tí dídi ọta dín ìnáwó rẹ̀ kù. Ọta kọ̀ọ̀kan á dín owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wàá máa yìn ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wàá sì tún máa ra irinṣẹ́.

Ó kan ilé wàyí. Òfin ìbọn orílẹ̀-èdè wa, tó ti wà láti 1959, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọta, àyàfi ní ilé ohun ìjà ìjọba. Ìwé àṣẹ tí ọlọ́pàá fún ọ láti ní ìbọn kò fún ọ láṣẹ láti di ọta. Èyí nìkan ti tó láti pa ọ̀rọ̀ dé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀rù òfin kì í ba gbogbo ènìyàn, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ti ìbọn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀tù dúdú tí àwọn bàbá wa ń rọ sínú ṣakabùlà ní sùúrù díẹ̀. A lè fi ojú wọ̀n ọ́, kí ìbọn má sì fọ́. Ẹ̀tù inú kátíríìjì kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í yọ èéfín púpọ̀, ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀tù dúdú tó pọ̀ gan-an. Ẹni tó bá tú kátíríìjì, tó da ẹ̀tù rẹ̀ sínú ṣakabùlà ní ìwọ̀n tó mọ́ ọn lọ́wọ́, bọ́ǹbù ló kì yẹn. Mo mọ ọdẹ kan ní agbègbè wa tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kù sí ìka méjì nítorí irú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe pé wọ́n ń yọ ọta wẹ́wẹ́ kúrò nínú kátíríìjì, tí wọ́n ń fi ègé irin tó wúwo jù rọ́pò, kò sàn jù ú lọ: ohun tí ẹ̀tù náà ń tì ti pọ̀ sí i, ẹ̀tù náà kò sì mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹrù.

Ráífù náà kò yẹ fún igbó wa, bí o tilẹ̀ rí àṣẹ rẹ̀ gbà. Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́jú, koríko rẹ̀ ga ju orí lọ, lẹ́yìn gbogbo ìdì koríko ni o ti lè bá olóko mìíràn, Fúlàní tó ń da màlúù, tàbí obìnrin tó ń ṣa èso ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Ọta .223 tí kò bá ohunkóhun pàdé lè lọ ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ọ̀yà kì í dúró lẹ́nu ihò kí a máa wò ó. Òru ló ń jẹ, ojú ipa rẹ̀ ló ń tọ̀, bí ajá bá sì lé e jáde, mítà 15 sí 25 ni wàá ti rí i fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kátíríìjì ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ló bá irú ìyìnbọn yẹn mu.

Ohun kan wà tí a lè mú láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń di ọta, òun náà ni kí a dán ìbọn wò kí a tó gbé e wọ igbó. Púpọ̀ nínú wa ti ń lo ìbọn kan láti ogún ọdún láìmọ bí ó ṣe ń fọ́n ọta. Gba páálí ńlá, ya òbìrípo tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 76 sí i, ya ọ̀yà sáàárín rẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an, gbé e sí ìsàlẹ̀ òkìtì tó ga tí ẹnikẹ́ni kò lè wà lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì yìnbọn sí i láti mítà 25, kátíríìjì oríṣi kọ̀ọ̀kan lórí páálí tirẹ̀. Ka hóró tó ba ara ọ̀yà. Bí kò bá tó márùn-ún, má fi kátíríìjì yẹn yìnbọn láti ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí mítà 36, ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kò fún rárá ń kó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọta rẹ̀ sínú òbìrípo náà, èyí tí ẹnu rẹ̀ fún jù ń kó nǹkan bí ìdá 70. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìbọn aládùúgbò rẹ fi ń pa láti ibi tí tìrẹ ti ń ṣá lọ́gbẹ́ lásán.

Ní ti nọ́ńbà ọta, BB ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń béèrè, nítorí hóró rẹ̀ tóbi, ó tó mìlímítà 4.6, ṣùgbọ́n nǹkan bí 50 péré ló wà nínú áúńsì kan, nígbà tí No. 4 ti Amẹ́ríkà, tí hóró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.3, ní nǹkan bí 135. Fún ọ̀yà láti mítà 20, No. 4 ni èmi ń lò. Ka mìlímítà tí wọ́n kọ sára páálí, nítorí pé nọ́ńbà orílẹ̀-èdè kan kò bá ti òmíràn mu.

Wo gígùn kátíríìjì náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kọ 70, ìyẹn mìlímítà 70, sára ìbọn rẹ, má fi kátíríìjì 76 sínú rẹ̀. Yóò wọlé wẹ́rẹ́, ìyẹn ló ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé gígùn tí wọ́n kọ ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ bá ti là. Bí àyè kò bá sí fún un láti là tán, ipá yóò ru sókè nínú ìbọn. Má ṣe jẹ́ kí kátíríìjì 20-gauge, tó tín-ínrín ju ti 12-gauge lọ, tí wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe, wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú ti 12-gauge. Ó lè bọ́ sínú ọ̀pá 12-gauge kó sì há síwájú, ìwọ yóò rò pé ìbọn ṣófo, wàá ki òmíràn sẹ́yìn rẹ̀.

Ọgbà Ẹranko Ìjọba ti Ọ̀yọ́ Ilé kò jìnnà sí ìhà ọ̀dọ̀ yín, òfin kò sì gbà kí a ṣọdẹ níbẹ̀, nítorí náà má lé ọ̀yà kọjá ààlà rẹ̀. Bí owó ọta bá ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ro ẹ̀bá oko rẹ ní mítà mẹ́rin yí ká, torí pé ọ̀yà kì í fẹ́ sọdá ilẹ̀ tó mọ́, fi àlàfo sílẹ̀ níbi mélòó kan tí ipa rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí o sì dẹ pàkúté síbẹ̀. Kátíríìjì tí yóò kù fún ọ láti yìn lẹ́yìn ìyẹn kò ní pọ̀ débi tí wàá máa wo kòròfo wọn pé kí o tún wọn dì.