Ihò méjì wà ní agbárí mi

Àbúrò mi, o ní o wo fíìmù obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó fi ẹ̀rọ dókítà eyín lu agbárí ara rẹ̀, o wá ń béèrè bóyá irú rẹ̀ á mú orí fífọ́ rẹ lọ. Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ọ́, má dán an wò. Ihò méjì wà ní agbárí tèmi, lápá òsì.

Amanda Feilding lobìnrin náà, ọdún 1970 ló ṣe é. Ọ̀dọ̀ Bart Huges, ará Netherlands tó ti lu tirẹ̀ ní 1965, ló ti gbọ́ ọ: pé bí àwùjẹ̀ ọmọ bá ti dí tán, ẹ̀jẹ̀ kì í rí àyè tó mọ́ nínú ọpọlọ, ihò ló máa dá a padà. Kò sí ìwádìí tó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Obìnrin náà tún gbé àpótí ìbò ní Chelsea, ní London, ní 1979 pé kí ìjọba máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbò 49 ló rí.

Àkàbà lèmi já bọ́ lórí rẹ̀. Mo dìde, mo gbọn aṣọ, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi láàárọ̀ kùtù, bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún mi, n kò ní mọ̀. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, oògùn ibà ni wọ́n fún mi. Ibòmíràn ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ síkáànì yẹ orí mi wò: ẹ̀jẹ̀ ti kó jọ sábẹ́ awọ tó bo ọpọlọ, ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n lu ihò, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, wọ́n ní ó dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo lajú, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé. Ẹkún ni mo sun.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ ọpọlọ ló lọ tí ara fi tù mí. Bí kò bá sí ohun tó ń tẹ tìrẹ, kí ni ihò fẹ́ tú sílẹ̀? Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ egungun yẹn gan-an, bí kòkòrò àrùn bá sì gba ibẹ̀ wọlé, ọpọlọ ló bá. Ọjọ́ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ gbalaja pẹ̀lú rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tó kù jáde lórí mi. Títí dòní, ìka mi ń rì síbẹ̀ tí mo bá ń fọ orí.

Wá ilé ìwòsàn tó ní dókítà ọpọlọ. Sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn, bóyá o ṣubú tàbí fi orí gbá nǹkan láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bóyá ojú rẹ ń ṣe bàìbàì. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ti ń wúwo, alẹ́ òní ni kí o lọ.