Ìbéèrè Yín: Sláìdì lórí mọ́nítọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Bí mo bá so kọ̀ǹpútà alágbèéká mi mọ́ pùròjẹ́kítọ̀ láti fi PowerPoint ṣe àlàyé, àkọsílẹ̀ tí mo kọ fún ara mi ni àwọn olùgbọ́ máa ń rí, sláìdì á sì wà níwájú èmi nìkan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, rìmóòtù tí mo fi ń yí sláìdì á ṣíwọ́ iṣẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà P. “Duplicate” máa ń gbé ohun kan náà sójú méjèèjì, kò sì sí ibi tí àkọsílẹ̀ yín lè fara pamọ́ sí. “Extend” ni kí ẹ yàn, nítorí òun ló ń sọ pùròjẹ́kítọ̀ di àyè ọ̀tọ̀ fún sláìdì, tí “Presenter View”, níbi tí àkọsílẹ̀, aago àti sláìdì tó kàn wà, á fi dúró lọ́dọ̀ yín. Bí wọ́n bá ṣì gba ipò ara wọn, ẹ má yọ wáyà kankan. Ẹ tẹ “Display Settings” lókè Presenter View, kí ẹ sì yan “Swap Presenter View and Slide Show”. Kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ lọ sí “Slide Show” lókè ojú PowerPoint kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi orúkọ pùròjẹ́kítọ̀ rọ́pò “Automatic” níwájú “Monitor”.

Ti rìmóòtù ló máa ń dẹ́rù ba olùbánisọ̀rọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ bátìrì kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣe ju pé kí wọ́n rán àṣẹ Page Down tàbí Page Up ránṣẹ́ bíi kíbọ́ọ̀dù, fèrèsé tí ẹ bá sì tẹ̀ kẹ́yìn ló ń gbà á. Nítorí náà, bí ẹ bá yà sídìí ímeèlì lójú kọ̀ǹpútà yín, ibẹ̀ ni àṣẹ náà ń lọ, sláìdì kò sì ní kúrò lójú kan títí ẹ óò fi fi Alt àti Tab padà sí Presenter View. Ó dára jù, lójú tiwa, kí ẹ ti gbogbo fèrèsé tó kù pa ṣáájú. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àwọn èèyàn gbójú kúrò lára sláìdì, ẹ tẹ B, ojú pùròjẹ́kítọ̀ á dúdú. Ẹ tún un tẹ̀, sláìdì á padà.

Bí pùròjẹ́kítọ̀ bá jẹ́ méjì, ẹ rántí pé mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo ni PowerPoint ń gbé sláìdì sí. Ẹ lo splitter HDMI, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń pín àwòrán wáyà kan sí méjì, kí kọ̀ǹpútà lè rí àwọn méjèèjì bí ẹyọ kan. Ẹ sì lè fi Presenter View dánra wò láìsí pùròjẹ́kítọ̀ rárá: Alt àti F5 ni kí ẹ tẹ̀ pọ̀.