Ṣé kí n máa wá ẹni mọ̀ kiri ni?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Civil Engineering ni mo kà jáde ní FUTA, mo ti sin ìlú tán, ó ti lé lọ́dún 2 tí mo wà ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Alágbàká níbí, owó oṣù ò tó nǹkan, iṣẹ́ gọ́tà àti kọ́fáàtì la sì ń ṣe ṣáá. Àwọn tá a jọ jáde ti wà l'Ékòó, àwọn míì ti já pa. Bàbá mi ní kí n máa kí èèyàn káàkiri, pé ẹni tó lẹ́nìyàn ló ń ríṣẹ́, àmọ́ lójú tèmi agbe nìyẹn. Ṣé kí n dúró ni àbí kí n kó ẹrù mi lọ Èkó? (Ọmọ Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ká kọ́kọ́ yọ ti Èkó kúrò ńbẹ̀ ná, tó o bá ríṣẹ́ gidi níbẹ̀, máa lọ jàre, kò sẹ́ni tó so ẹ́ mọ́lẹ̀ l'Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kó o kàn dìde lọ bá ọ̀rẹ́ kún yàrá tó ti kún tẹ́lẹ̀, mi ò rí ọgbọ́n ńbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbe tó o sọ yẹn ló mú mi gan-an. Ẹ wo bá a ṣe ń ṣe é, ó lè pé ọdún 3 ká má pe ẹnì kan, ọjọ́ tá a bá gbọ́ pé wọ́n ń gbèèyàn níbi iṣẹ́ ẹ̀, "ẹ̀gbọ́n, ó tọ́jọ́ mẹ́ta o," CV ti tẹ̀ lé e kí wọ́n tó fèsì. Ìyẹn lagbe! Àmọ́ kéèyàn kí èèyàn láì bèèrè nǹkan kan, ṣebí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé náà nìyẹn.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Mark Granovetter, lọ́dún 1973 ó gbé ìwádìí kan jáde, ó bi àwọn tó tipasẹ̀ ojúlùmọ̀ ríṣẹ́ pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni yẹn sí. Bíi 17 nínú 100 péré ló ní ẹni táwọn ń rí ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, ìyókù jẹ́ ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tàbí tí wọn ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ rí rárá. Kò yà mí lẹ́nu, torí ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ gbọ́, ìwọ náà ti gbọ́ ọ, ẹni tó jìnnà díẹ̀ ló ń gbọ́ tibòmíì.

Ta wá ni tìẹ? Ọ̀gá tó o ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ ìgbà tó o wà ní yunifásítì) lọ́dọ̀ ẹ̀ ńkọ́? Àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣe CDS nígbà tó o ń sin ìlú? Àní tẹkinísíà tó ń bá yín fọ́ kíúbù kọnkéré ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dà á, láti wo bó ṣe lágbára tó, ìwọ rò pé òṣìṣẹ́ lásán ni, bẹ́ẹ̀ kọngílá tó ń dà kọnkéré láàárín ìlú ló ń gbé kíúbù wá síwájú ẹ̀, ó mọ ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ dáa ó sì mọ ẹni tó ń jalè sìmẹ́ǹtì. Kí i dáadáa.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, NSE, ní ẹ̀ka l'Àkúrẹ́ níbí, máa lọ sípàdé wọn. Tó o bá fẹ́ di mẹ́ńbà gidi, ó kéré tán wàá ti ṣiṣẹ́ fọ́dún 4 lẹ́yìn ìwé ẹ, àwọn mẹ́ńbà tó mọ̀ ẹ́ ló sì máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ, ìwọ sọ fún mi, ta ló máa fọwọ́ sí i fẹ́ni tí ò kí wọn rí? Kọ́fáàtì tó o ń fojú tín-ín-rín yẹn náà wà nínú ọdún 4 ọ̀hún o, torí náà ra ìwé kan, máa kọ ọ́ lójoojúmọ́: ibi tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, irin tẹ́ ẹ lò, ohun tó bàjẹ́ àti bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe.

Lálẹ́ òní, fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọ̀gá IT ẹ: "Ẹ káalẹ́ sà. Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi láti máa yẹ irin wò kí wọ́n tó da kọnkéré, mo tún ṣe é ní sáìtì lọ́sẹ̀ yìí, mo ní kí n kí yín." Ó tán. Má fi CV sí i o!

Ní ti owó oṣù, mú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn dání lọ bá ọ̀gá ẹ kọ́dún tó parí, kó o fi iṣẹ́ tó o ti ṣe hàn án kó o tó dárúkọ iye tó o fẹ́.