' àti #': ohun tí ojú mi rí kí n tó mọ̀ wọ́n yàtọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní '(lambda (x) ...), ìyẹn function tí kò lórúkọ, tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú fáìlì Emacs Lisp yín (Lisp tí a fi ń kọ ètò fún Emacs, editor tí a fi ń kọ kóòdù) láti ọdún yìí wá, ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun ò mọ variable kan, látọjọ́ tí ẹ ti kọ lexical-binding: t sí ìlà àkọ́kọ́. Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yẹn. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bú compiler, ètò tó ń tú kóòdù sí èdè tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, tí kò ṣẹ̀ mí.

Kí kóòdù yín tó dé ọwọ́ compiler rárá, reader, apá Lisp tó ń ka ohun tí ẹ kọ, ti tú àwọn àmì yẹn: 'x ti di (quote x), #'x ti di (function x). Tí compiler bá wá rí quote, ẹrù tí wọ́n ti dì ni lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó gbé e dé ibi tó ń lọ bó ṣe wà, kò gbọdọ̀ tú u. Ẹ di lambda sínú rẹ̀, ẹ di orúkọ ẹja sínú rẹ̀, bákan náà ni. Function ló ń sọ fún un pé iṣẹ́ ló wà níbí, kó sọ ọ́ di kóòdù, kó sì so àwọn variable tó yí i ká mọ́ ọn.

Ẹ wo tèmi:

(defun fi-ere-kun (ere owo)
  (lo-ofin (list (cons 'tita '(lambda (x) (+ x ere))))
           owo))

Ohun tí lo-ofin ń ṣe ni pé ó máa yọ lambda yẹn nínú list, á sì pè é lórí owo. Nígbà tí fáìlì náà ṣì wà lórí dynamic binding, kò sí wàhálà. Bí lo-ofin ṣe ń pe lambda, fi-ere-kun kò tíì parí, ere ṣì wà ní gbangba, ẹni tó bá pè é á dáhùn. Emacs 24 ló gbé lexical-binding dé lọ́dún 2012. Gbàrà tí mo tan án, ere di ọmọ inú ilé fi-ere-kun, kò yọjú síta mọ́. Lambda tí mo fi quote dì kò sì sí nínú ilé yẹn. List lásán ni: ọ̀rọ̀ náà lambda, lẹ́yìn rẹ̀ (x), lẹ́yìn rẹ̀ (+ x ere). Ó bá ké:

Symbol's value as variable is void: ere

Mo sọ ' di #', ariwo tán.

Ẹ lè ní ṣebí ó yẹ kí compiler ti kìlọ̀. Ká ní mapcar, tó ń pe function lórí ohun kọ̀ọ̀kan nínú list, lẹ gbé '(lambda ...) fún ní tààrà ni, ì bá kìlọ̀, torí ó mọ̀ pé function ni mapcar ń retí níbẹ̀. Inú cons, tó kàn ń so nǹkan méjì pọ̀, lèmi ki tèmi bọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé list tó wà nínú cons yẹn, ẹnì kan máa pè é tó bá yá?

Èyí tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ: nínú ọ̀kan lára àwọn lambda tí mo dì bẹ́ẹ̀, mesage ni mo kọ dípò message. Compiler kọjá lórí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, torí kò wo inú ẹrù. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni o. LISP 1.5 tọdún 1962 ti ní FUNCTION lẹ́gbẹ̀ẹ́ QUOTE nítorí wàhálà yìí gan-an. Common Lisp, ẹ̀ka Lisp mìíràn, tọdún 1984 ṣì fàyè gba kéèyàn pe list tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lambda, àmọ́ ANSI, àjọ ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́dún 1994. Ẹ gbé '(lambda ...) fún funcall (ohun tó ń pe function) lónìí nínú SBCL, ọ̀kan lára àwọn compiler Common Lisp, á dá a padà fún yín: kì í ṣe function, kì í ṣe symbol. Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ tí ẹ bá fi flet (tó ń dá function sílẹ̀ fún inú ibì kan ṣoṣo) dá sílẹ̀: #'orúkọ á rí i, 'orúkọ ò ní rí i, torí àárín ìgboro ni symbol máa ń wá function lọ, kì í wọlé.

Ẹ ò béèrè nípa ìdajì kejì ọ̀rọ̀ quote o, ìyẹn list lásán tí a fi í dì, ṣùgbọ́n ẹ máa bá a pàdé. Mo kọ ètò kékeré kan ní Common Lisp fún ìyá kan tó ń ta oúnjẹ tútù, kó lè máa tẹ rìsíìtì:

(defun se-risiti (oja)
  (let ((ori '("Ẹ ṣeun")))
    (nconc ori oja)))

Oníbàárà àkọ́kọ́ ra ìrẹsì, rìsíìtì rẹ̀ pé. Ìkejì ra ẹ̀wà, ìrẹsì tún jáde lórí tiẹ̀. Ó fárí gá pé òun ò ra ìrẹsì, òtítọ́ ló sì ń sọ. List tí mo fi quote dì yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni, inú function náà fúnra rẹ̀ ló ń gbé. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, list kan náà ló ń mú wá, nconc, tó ń so list pọ̀ láì ṣe ẹ̀dà, á sì so ọjà tuntun mọ́ ìdí ti àná. Tí mo bá wá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo tún defun náà kà sínú REPL (ibi tí a ti ń tẹ kóòdù tí Lisp sì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀), á dára padà! Torí kíkà tí mo tún un kà, list tuntun ni reader ṣe fún mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò pé ayélujára ilé ìtajà ló ń ṣe wèrè.

Compile-file, tó ń gbé odindi fáìlì fún compiler, tún láṣẹ láti sọ list méjì tó jọra nínú fáìlì kan di ọ̀kan, kí function méjì tí kò mọra wọn rí máa bára wọn pín ẹrù. SBCL máa ń kìlọ̀ nígbà mìíràn, èmi ni mo ń fojú fò ó. (list "Ẹ ṣeun") tàbí append (tó ń ṣe ẹ̀dà kó tó so) dípò nconc ló tún un ṣe. Backquote (àmì `, quote tó gbà kẹ́ ẹ ki ohun tuntun bọ inú rẹ̀) náà ò mọ́: ìrù `(,a b c) lè jẹ́ ẹrù dídì.

Ní tiyín, ẹ wá '(lambda káàkiri fáìlì náà, kí ẹ fi #' rọ́pò rẹ̀. Ibi tí list fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́, bíi inú macro tó ń kọ kóòdù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá ṣì ń ké lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi function tó ń ké ránṣẹ́ látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ìlà àkọ́kọ́ fáìlì yín.