Ẹ Bi Wá: Kí ló dé tí wáìnì mi ò hó mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe wáìnì nílé. Yíìsì gbígbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà ni mo kọ́kọ́ lò, ó hó dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní kí n ṣọ́ owó ná, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti àkọ́kọ́ ni mo dà sí i, mo se omi ọ̀pẹ̀ náà, mo jẹ́ kó tutù, mo dé e pinpin. Ó hó díẹ̀ ló bá dákẹ́, ó ṣì ń dùn bíi ṣúgà. Ṣebí wọ́n ní yíìsì ò nílò afẹ́fẹ́? (Oníwáìnì, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán fún yín. Yíìsì lè sọ ṣúgà di ọtí láìsí ọ́síjìn, ara tó máa fi ṣiṣẹ́ ọ̀hún gan-an ni kò lè kọ́ láìsí i. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ló ní awọ fẹ́lẹ́ tó yí i ká, inú awọ yẹn ni ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní ergosterol wà, ìbátan cholesterol tiwa yìí náà ni, ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọtí tètè ba awọ náà jẹ́.

Tí yíìsì bá fẹ́ ṣe ergosterol yìí, ègé kéékèèké tó rí látara ṣúgà ló máa ń so mọ́ra wọn títí á fi di squalene, ìyẹn ohun tó máa wá sọ di ergosterol, títí débẹ̀ kò wá ọ́síjìn kankan o, àmọ́ láti ibẹ̀ lọ wàhálà dé, torí ergosterol ẹyọ kan ṣoṣo máa ná an ní mólékù ọ́síjìn 12! Láti 1953 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Andreasen àti Stier, ti fi hàn pé tí ò bá sí afẹ́fẹ́, àfi kéèyàn bá a wá ergosterol síbi tó wà kó tó lè máa pọ̀ sí i. (Ojú ọ̀nà tí ergosterol ń gbà wáyé yìí kan náà ni oògùn fluconazole àti clotrimazole ń dí mọ́ àwọn ìbátan yíìsì tó ń kó àrùn ran èèyàn.)

Yíìsì tẹ́ ẹ rà yẹn, afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ ni wọ́n fi tọ́ ọ, ó ti tọ́jú ergosterol pamọ́ sára kó tó dọ́dọ̀ yín. Ìyá yíìsì bá bímọ á pín in fún ọmọ, ọmọ á pín fún tiẹ̀, bí ẹni ń bomi lé ọbẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ kù mọ́, ẹ̀yin náà tún wá fi iná lé ọ́síjìn inú omi lọ.

Tó bá dìgbà míì, tí omi bá ti tutù, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó da yíìsì sí i. Tó bá ti ń hó, ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé mọ́, kó má lọ di fínígà, àmọ́ ẹ má dé e pinpin o, ẹ wá ọ̀nà tí gáàsì máa gbà jáde kí ìgò má bàa bú mọ́ yín lọ́wọ́.